Ògiri Yàrá Bàbá àti Ọjọ́ Méje Ìjọba

                                        Agbolé Ọláògún,
                                        Òkè Ìjẹmọ̀,
                                        Abẹ́òkúta.
                                        Sátidé, 22 Oṣù Kẹsàn-án, 1984.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Bùọ̀dá Jùbrílù,

Mo kí yín o, mo sì tún kí yín lẹ́ẹ̀kejì kí ẹ má baà sọ pé ọjà Ìtọ̀kú ti sọ àbúrò yín di aláìmọ̀wàáhù. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àbójútó ilé, ẹ kú òtútù Jọ́ọ̀sì tí wọ́n ní ó ń mú kí àgbàlagbà wọ ìbọ̀sẹ̀ sùn. Ìyàwó mi Asiata ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ ti le dáadáa láti ìgbà tó ti sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀? Sìlífátù kékeré ńkọ́, ṣé ikọ́ rẹ̀ ti lọ? Ẹ sọ fún un pé mo ti ṣe kàǹpálà kan sílẹ̀ dè é, aláwọ̀ ewé, nítorí ìyá rẹ̀ ti ní aró máa ń ràn mọ́ ọmọ lára. Ànàmọ́ òyìnbó tí ẹ fi rán Ìyá dé láyọ̀, méjì péré ló jẹrà nínú rẹ̀. Ìyá sè é bí iṣu, ó sì gún un nínú odó. Ó ní iyán Jọ́ọ̀sì kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ó jẹ ẹ́ tán.

Ara Ìyá le ní ti pé kò dùbúlẹ̀ àìsàn. Ọkàn rẹ̀ ni kò balẹ̀, tèmi náà kò sì balẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí ní kánmọ́kánmọ́ tí mi ò sì gbé e lọ sí pósíófíìsì. Awakọ̀ lọ́rì obì kan tó ń lọ sí Jọ́ọ̀sì ní àárọ̀ ọ̀la ni yóò mú un wá fún yín. Tí Ọlọ́run bá fẹ́, yóò tẹ̀ yín lọ́wọ́ ní ọjọ́ Àtìní. Àlàmísì tó ń bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí, ni ìjọba dá fún wa. Ohun kan wà lọ́wọ́ yín tí kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn láyé yìí, mo sì gbọ́dọ̀ gbà á lọ́wọ́ yín kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹ fara balẹ̀ kà á, ẹ má fo ìlà kan gẹ́gẹ́ bí ìṣe yín.

Ẹ rántí ògiri yàrá Bàbá, èyí tó wà ní ìwọ̀-oòrùn, tó kọjú sí ọ̀nà tóóró tó pín ilé wa àti ilé Bàbá Josiah níyà. Òjò ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù Keje ló gbé e lulẹ̀ ní ọ̀sán gangan, nígbà tí àwọn ọkùnrin wà ní mọ́ṣáláṣí. Èmi wà ní ṣọ́ọ̀bù, Ìyá sì wà ní ẹ̀yìnkùlé nídìí ìkòkò aró. Nígbà tí mo fi máa dé, láti ojú ọ̀nà la ti ń wo bẹ́ẹ̀dì Ìyá. Kò wo àpótí aṣọ rẹ̀ tí omi ń wọ̀, kò wo bẹ́ẹ̀dì. Ẹní mẹ́ta ló kọ́kọ́ kó, ó tẹ́ wọn sí ilẹ̀ lẹ́bàá ibi tí ògiri wà, ó wá da ọpọ́n ìfọṣọ dé wọn lórí kí òjò má baà kan ibẹ̀. Ẹ mọ ohun tó wà níbẹ̀, tàbí kí n sọ pé ẹ mọ ohun tí gbogbo wa gbà pé ó wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni Ìyá máa ń lọ dúró lẹ́yìn Àsùbáà lójoojúmọ́ láti kí Bàbá, láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ẹ ti sin ín sínú yàrá náà.

A ta tapólì bo ibẹ̀, a ń retí kí òjò dáwọ́ dúró. Wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ọ́. Tiwa kò lanu lásán, ṣe ló dùbúlẹ̀, gbogbo aláǹgbá àdúgbò sì wọlé pẹ̀lú ìmọ̀ràn. Bàbá Láwàlì, tó jẹ́ olórí ẹbí wa báyìí, ní kí a fi búlọ́ọ̀kù gbé e dìde kí ó má baà tún wó mọ́. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ. Ohun tí gbogbo wa mọ̀ ni pé ẹni tó ń kọ́ ilé tuntun ni ìjọba ń bi léèrè, ẹni tó ń tún ilé bàbá rẹ̀ ṣe kò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé. A ti pààrọ̀ páànù rí, kò sẹ́ni tó bi wá. A fi sìmẹ́ńtì rẹ́ iwájú ilé nígbà tí mo fẹ́ ṣègbéyàwó, kò sẹ́ni tó bi wá. Kí ló wá ku ògiri kan?

Dìran ni bíríkìlà tí mo pè. Ọmọ Ìgbórẹ̀ ni, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ẹnu rẹ̀ kò sì pọ̀. Ó dé pẹ̀lú okùn àti èèkàn ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù yìí, ó na okùn sí ojú ibi tí ògiri àtijọ́ wà, ó sì ṣàlàyé fún mi pé ìpìlẹ̀ ògiri alámọ̀ kì í jinlẹ̀, ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù kò ní dúró àfi kí òun gbẹ́ ilẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì, kí ó sì fẹ̀ wọ inú yàrá díẹ̀. Bó ṣe gbé ọkọ́ sókè báyìí ni Ìyá ti ẹ̀yìnkùlé wọlé, aró ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lọ dúró sí ibi tí ọkọ́ fẹ́ bọ́ sí.

Ó ní, "Dìran, ẹsẹ̀ bàbá wọn wà níbẹ̀. Má gbẹ́ ẹ."

Dìran ṣí fìlà rẹ̀, ó sọ ọkọ́ kalẹ̀. Èmi ni mo wá sọ ọ̀rọ̀ tó kó wa síyọnu. Mo ní kí ó gbé okùn síta, kí ó sún un ní ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀ wọ ojú ọ̀nà tóóró, kí ìpìlẹ̀ àti Bàbá má ṣe pàdé.

Dìran wò mí. Ó ní, "Àǹtí Sàfú, ògiri tó bá padà sí ibi tó wà, àtúnṣe ni. Tó bá ti rìn, ilé tuntun ni wọ́n ń pè é. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì ìjọba ní Ìbarà lọ bèèrè."

Mo ní ṣé kí Ìyá máa sùn nínú òjò títí ìbéèrè rẹ̀ yóò fi tán ni. Mo ní ta ni yóò wá fi ìwọ̀n wọ ọ̀nà tí ewúrẹ́ ń gbà. Kí n má purọ́ fún yín, ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe nítorí Bàbá nìkan. Mo ti fojú díwọ̀n àyè tí yóò kún yàrá náà, mo ti rí ibi tí màá to àwọn aṣọ mi sí. Bí mo ṣe ń sọ pé nítorí òkú ni, ọjà ló wà lọ́kàn mi. Ìtìjú rẹ̀ ń jẹ mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ṣùgbọ́n tí mi ò bá sọ òtítọ́ tèmi fún yín, ojú wo ni màá fi bèèrè tiyín?

Ògiri náà ga dé orí fèrèsé lọ́jọ́ Àlàmísì, ìyẹn ní ìjẹta. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni ọkùnrin kan gun alùpùpù dé, ó wọ ṣòkòtò kakí, ó gbé agolo ọ̀dà kọ́. Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀dé ni orúkọ rẹ̀, láti ọ́fíìsì àwọn tó ń rí sí ilé kíkọ́. Kò pariwo. Ó kí Ìyá dáadáa, ó wá bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo, pé ṣé ojú ibi tí ògiri wà tẹ́lẹ̀ rèé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n mi, mo sọ ọ́ láìṣẹ́jú. Ó wọ inú yàrá, ó fi ìmú bàtà rẹ̀ ha ilẹ̀ díẹ̀, ìyókù ìpìlẹ̀ àtijọ́ sì yọjú, ó dùbúlẹ̀ sáàárín yàrá lójú gbogbo wa. Kò bú mi, kò pè mí ní òpùrọ́. Ì bá sàn fún mi ká ní ó bú mi.

Ó jáde síta, ó fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára búlọ́ọ̀kù ní èdè òyìnbó pé kí iṣẹ́ dúró, ó kọ ọjọ́ sí i, ó wá fa ìlà ńlá méjì gba ara wọn kọjá. Ọjọ́ méje. Bí a kò bá rí nǹkan ṣe sí i títí di Àlàmísì tó ń bọ̀, wọn yóò wá wó o fúnra wọn. Láti ìgbà tí àwọn sójà ti gba ìjọba, a ti mọ ohun tí kátápílà ń ṣe, ẹ̀rù kì í sì í bà á. Bí ó bá ti ọ̀nà tóóró yẹn gbá ògiri tuntun, kò sí ohun tí yóò dá a dúró kí ó má tẹ ilẹ̀ yàrá mọ́lẹ̀. Bí alùpùpù rẹ̀ ṣe lọ tán ni mo gbé kẹrosíìnì àti ọṣẹ jáde láti fọ ọ̀dà náà. Mo fọ̀ ọ́ ẹ̀ẹ̀mẹta kí n tó rántí irú iṣẹ́ tí mo ń ṣe. Àwọ̀ tó bá ti wọra, ẹni tó ń re aṣọ ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀ pé kò ní ṣí.

Bàbá Láwàlì pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní bí mo bá dé Ìbarà lọ́la, mi ò gbọ́dọ̀ dárúkọ sàréè. Ó ní ìjọba tó bá gbọ́ pé òkú wà nínú yàrá, àwọn wolé-wolé ni yóò tẹ̀lé e wá, wọn yóò sì ní kí a hú Bàbá lọ sí itẹ́ òkú. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo gbà.

Mo dé Ìbarà láàárọ̀ Jímọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀dé fún mi ní àga, ó sì ka òfin náà fún mi bí ẹni ń ka Kéú fún ọmọ. Ó ní, "Ẹ pààrọ̀ páànù, ẹ kò nílò pláànù. Ẹ rẹ́ ògiri, ẹ kùn ún lọ́dà, ẹ tún ilẹ̀ yàrá ṣe, ẹ kò nílò pláànù. Ògiri tó wó, tí ẹ gbé padà sójú ibi tó wà, bó ṣe ga tẹ́lẹ̀, ẹ kàn kọ lẹ́tà sí wa pé ẹ ń ṣe é. Ṣùgbọ́n tí ògiri bá rìn, tí ẹ fi yàrá kún yàrá, tí ẹ la ilẹ̀kùn tuntun sójú ọ̀nà, tàbí tí ẹ fẹ́ sọ ọ́ di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ gbọ́dọ̀ ti gba pláànù tí a fọwọ́ sí kí ẹ tó po sìmẹ́ńtì."

Mo bi í pé bí a bá wá ẹni ya pláànù náà báyìí ńkọ́. Ó ní òun kò ní tàn mí, kò sẹ́ni tí yóò fọwọ́ sí i. Ọ̀nà tóóró náà kò fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún lọ, ògiri mi sì ti jẹ ìdajì rẹ̀. Bí iná bá jó ilé Bàbá Josiah, ibo ni èèyàn yóò gbé garawa omi gbà? Ọ̀nà kan ló kù: kí a wó o fúnra wa kí ọjọ́ tó pé, kí a gbé ògiri padà sí ojú ibi tó wà, kò ní sí ẹjọ́, kò ní sí pláànù. Ó wá bi mí pé kí ló dé tí a ò kúkú ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo wo ọwọ́ mi. Mo ní Ìyá wa ni kò fẹ́.

Kò bèèrè ìdí. Ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, nígbà tí a kúrò níwájú àwọn akọ̀wé ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ọmọ Òṣíẹ̀lẹ̀ lèmi. Nílé tiwa, ìyá bàbá mi wà ní yàrá kẹta. Ògiri ni wọ́n ní kí n máa wò kiri, wọn ò ní kí n máa wo ilẹ̀." Mo fẹ́ sunkún níbẹ̀. Gbogbo ẹ̀rù tí Bàbá Láwàlì kó sí mi láyà, ọkùnrin yìí gbé e kúrò láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ti ìjọba nìkan ló tán.

Nígbà tí mo délé tí mo sọ fún Ìyá pé a ó gbé ògiri padà, kò bínú. Ì bá sàn kí ó bínú. Ó kó ẹní rẹ̀ kúrò ní ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó tẹ́ ẹ sí ojú ibẹ̀, ó jókòó lé e, ó na ẹsẹ̀. Ó ní, "Tí wọ́n bá máa gbẹ́ ibẹ̀, kí wọ́n gbẹ́ ẹ gba orí mi." Láti ìgbà náà, ẹ̀kọ mímu nìkan ló ń gbà lọ́wọ́ mi, bó bá sì dìde, kì í pẹ́ tó fi ń padà. Bàbá Láwàlì bẹ̀ ẹ́. Dìran pàápàá bẹ̀ ẹ́, ó ní sàréè jìn ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ dáadáa, ọkọ́ òun kò ní kan Bàbá. Ìyá ní ìwọ bàbá tìrẹ, ṣé o máa jẹ́ kí wọ́n fi ọkọ́ walẹ̀ lókè rẹ̀? Dìran ká okùn rẹ̀, ó lọ.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Alásárì àná. Mo tẹ́ ẹní ìkírun mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá, mo kọjú sí gàbàsì, mo kẹ́yìn sí ògiri tó wó. Mo foríkanlẹ̀. Ibẹ̀ ni nǹkan kan ti sọ sí mi lọ́kàn, Ọlọ́run nìkan ló lè dárí ẹ̀ jì mí, nítorí mi ò mọ iye rákà tí mo kí mọ́. Tí ẹsẹ̀ Bàbá bá kan ògiri lẹ́yìn mi, tí orí rẹ̀ sì wà níwájú mi, a jẹ́ pé ṣe ló nà lọ sí gàbàsì bí èmi ṣe nà yìí. Wọn kì í tẹ́ òkú Mùsùlùmí bẹ́ẹ̀. Ìbú ni wọ́n ń tẹ́ ẹ, kí ó fẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀, kí ojú rẹ̀ kọ sí gàbàsì. Ṣé Àlùfáà Sàlàhúdíìnì tó sin Bàbá, tó máa ń dá ènìyàn padà lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí nítorí àlùwàlá, ló máa ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀? Mo parí ìrun náà, mi ò sọ nǹkan kan fún Ìyá. Mi ò sùn mọ́jú.

Ní àárọ̀ òní, Ìyá lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan ní Kẹ́ńta nítorí pé òun ni ìyá ọmọ náà ní kí ó wá gbé e. Bí ó ṣe ṣẹ́ kọ̀rọ̀ ni mo ránṣẹ́ pe Dìran. Mo ní kí ó mú ọ̀pá irin rẹ̀ wá. Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ bí ó ṣe rí kí ọmọ dúró ti ẹni tó ń fi irin wá bàbá rẹ̀ nínú ilẹ̀. Bísímílà ni mo ń wí títí ó fi ṣe tán. Ó ti irin bọ ilẹ̀ ní ojú ibi tí Ìyá ń kí Bàbá, kò tíì wọlé tó ìgbọ̀nwọ́ kan tó fi dún gbà. Àpáta. Ó sún un sí ọ̀tún, àpáta. Ó sún un sí òsì, àpáta. Dìran gbé ojú sókè, ó ní, "Àǹtí, kò sẹ́ni tó lè gbẹ́ sàréè síbí láéláé."

Ó wá ń tẹ̀ ẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Nígbà tó dé igun ibi tí orí bẹ́ẹ̀dì Ìyá wà, ilẹ̀ gba irin. Mo ní kí ó dúró, kí ó má tì í wọlé mọ́. Ó yọ ọ́, a sì jọ dúró, a ń wo bẹ́ẹ̀dì náà.

Láti òwúrọ̀ ni mo ti ń to ọ̀rọ̀ náà pọ̀, ó sì ti wá yé mi. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà tí Bàbá kú, wọ́n ti kó àwa ọmọdé lọ sí Òṣíẹ̀lẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́lẹ̀. Bàbá Láwàlì wà ní Kùmásì, ìgbà tí wọ́n lé wọn kúrò níbẹ̀ ló tó mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ti lọ. Ìyá wọ opó, inú yàrá ẹ̀yìn ló wà pẹ̀lú àwọn obìnrin, ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ ni ohùn Àlùfáà tó ń sọ pé, "Ẹ gbẹ́ ẹ sẹ́bàá ògiri." Ohun tó dì mú nìyẹn. Kò gbọ́ ìgbà tí ọkọ́ kan àpáta, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé wọ́n ti sún sàréè lọ sí igun ibi tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà báyìí. Ìgbà tó fi máa tú opó lẹ́yìn oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, wọ́n ti rẹ́ ilẹ̀ yàrá náà, ó ti dán, kò sí àmì. Nínú àwọn méjì tó gbẹ́ ilẹ̀, ọ̀kan ti kú, a ò sì mọ ibi tí èkejì wọlẹ̀ sí. Àlùfáà Sàlàhúdíìnì pé ọdún méjì ní ọ̀run. Ẹni tó bá Àlùfáà wọ inú sàréè láti gba Bàbá sílẹ̀, ẹ̀yin ni.

Mo sì rántí Iléyá ọdún 1978. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, Ìyá sì ń kí Bàbá lẹ́bàá ògiri. Ẹ la ẹnu. Ẹ wò mí, ẹ wo bẹ́ẹ̀dì, ẹ pa ẹnu dé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹran Iléyá kò tíì tán nínú ìkòkò, ẹ ní iṣẹ́ pè yín, láti ìgbà náà ẹ ò wálé mọ́. Ọdún mẹ́fà. Mo ti ń rò pé ìyàwó ló gbà yín lọ́wọ́ wa, mo tiẹ̀ ti bínú sí Asiata nínú ọkàn mi, kí ó fi orí jì mí. Bùọ̀dá mi, ṣé nítorí pé ẹ kò lè sọ fún Ìyá ni? Inú bí mi sí yín láàárọ̀ yìí, kí n má fi pa mọ́. Lẹ́yìn náà mo bi ara mi pé tó bá jẹ́ èmi ni mo rí i ńkọ́, ṣé màá lè sọ ọ́? Mo ti mọ̀ ọ́n láti àná, Ìyá sì jókòó tì mí lórí ẹní rẹ̀ nísinsìnyí tó ń ṣa ẹ̀wà, n kò tíì sọ ọ́.

Ohun tí mo ń fẹ́ nìyí. Ní Àlàrùbá, yálà ẹ dé tàbí ẹ kò dé, Dìran yóò wó ògiri tí mo mú rìn. Èmi náà yóò bá a ru búlọ́ọ̀kù, kí n lè mọ bí ọ̀rọ̀ tí mo sọ ṣe wúwo tó. Ìpìlẹ̀ yóò padà sójú ti àtijọ́. Lórí àpáta, kò sí wàhálà, Dìran ní kò tiẹ̀ nílò kí òun gbẹ́ ẹ mọ́. Igun yẹn nìkan ló ń dẹ́rù bà mí. Bí Bàbá bá jìnnà sí ògiri, a ó gbẹ́ ẹ kọjá. Bí ó bá sún mọ́ ọn, gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ìpìlẹ̀ yóò gbà kọjá, kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan, Dìran yóò sì ní láti fi òkúta tẹ́ ibẹ̀ láìgbẹ́ ẹ. Ẹ fi wáyà ránṣẹ́ sí pósíófíìsì Ṣapọ́n. Ẹ má kọ sàréè sí i, ẹ má dárúkọ Bàbá. Iye ẹsẹ̀ bàtà láti ògiri dé ibẹ̀ ni kí ẹ kọ, nọ́ńbà kan péré. Ẹ má sọ fún mi pé ẹ ti gbàgbé, ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń rántí ẹ̀dọ̀ àgbò tí mo jí jẹ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lè gbé ẹsẹ̀ yín fúnra yín, inú mi ìbá dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ńbà lè gbé ògiri dúró, kò lè gbé Ìyá dìde lórí ẹní. Kò ní gbà á lẹ́nu mi, torí n kò sí níbẹ̀. Kò ní gbà á lẹ́nu irin Dìran. Ẹnu yín nìkan ni yóò gbà á. Bí ọ̀rọ̀ bá sì rí bí mo ṣe rò ó, a jẹ́ pé láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Ìyá ń dìde kúrò lọ́dọ̀ Bàbá lójoojúmọ́, ó ń rìn lọ kí àpáta.

Ẹ bá mi kí Asiata púpọ̀, kí ẹ sì bá mi fẹnu ko Sìlífátù lẹ́nu. Bàbá Láwàlì ń kí yín, ó ní òun ṣì ń retí fìlà tí ẹ ṣèlérí. Bàbá Josiah náà kí yín, kò bá wa jà lórí ọ̀nà rẹ̀ tí mo jẹ, ó kàn ń fẹ̀gbẹ́ rìn gba ibẹ̀ kọjá.

Ìyá kò mọ ohun tí mo kọ, ó kàn mọ̀ pé ẹ̀yin ni mo ń kọ ọ́ sí, ó sì ní mi ò gbọ́dọ̀ pa á dé láìfi ọ̀rọ̀ tòun sí i. Ó ní kí ẹ wá rí òun. Ó ní kí ẹ má ṣèyọnu ibi tí ẹ máa sùn nítorí ògiri tó wó. Orí bẹ́ẹ̀dì òun ni kí ẹ sùn, òun á tẹ́ ẹní òun sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri, nítorí ó ti tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí òun ti sùn ti bàbá yín kẹ́yìn.

Èmi ni àbúrò yín tó ń retí nọ́ńbà kan,

Sàfúrátù.